Àlejò Tí Ń Gba Àlejò: Ọ̀rọ̀ Lórí Ìbẹ̀wò Ẹbí Lẹ́yìn Odi

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ ní ìrọ̀lẹ́ yìí kan ọ̀pọ̀ agbo ilé ní ilẹ̀ Yorùbá, nítorí pé ó ṣòro lónìí kí a tó rí ìdílé kan, yálà ní Ìbàdàn tàbí ní Ìjẹ̀bú-Òde, ní Ìlọrin tàbí ní Àkúrẹ́, tí kò ní ẹnì kan tí ó ti fi ilé sílẹ̀ lọ tẹ̀dó sí ibòmíràn, tí àwọn ará ilé sì ń pète àtilọ wò ó, kí wọn lè fi ojú ara wọn rí ibi tí ó ń sùn àti ibi tí ó ń jí. Ìbẹ̀wò náà gan-an, bí a ti ń ṣe é, bí a ti ń gbà á, àti ohun tí ó yẹ kí ẹni tí ń lọ àti ẹni tí ń retí jọ mọ̀ kí wọn tó fojú kan ara wọn, ni mo fẹ́ kí á jọ yẹ̀ wò.

Kò sí ẹni tí yóò kọ́ Yorùbá ní bí a ti ń gba àlejò. Kí àlejò tó jókòó ni a ti ń bu omi fún un, kí ó tó sọ ohun tí ó bá wá ni iná ti ń jó lábẹ́ ìkòkò, àwọn àgbà wa sì pa á lówe pé àlejò bí òkété ni à ń fi èkùrọ́ lọ̀, nítorí pé ẹni tí ó mọ àlejò í gbà a máa kọ́kọ́ wo irú ènìyàn tí ó dé, kí ó tó mọ ohun tí yóò gbé síwájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á rántí ohun tí ó wà lẹ́yìn ọ̀làwọ́ náà. Ẹni tí ń gba àlejò ní agbo ilé baba rẹ̀ ní oko tí iṣu wà, ó ní adìẹ tí ń jẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé, ó ní ìyàwó àti àbúrò tí yóò dìde sí odó, ó ní yàrá tí a lè tọrọ lọ́wọ́ ará ilé fún ọjọ́ mélòó kan. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ó ní ìlú tí ó mọ̀ ọ́n, tí ẹnikẹ́ni kò ní bi í léèrè pé ta ni ó sùn sí ilé rẹ̀ lánàá. Ẹni tí ó ṣí lọ sí ìlú onílùú kò ní ọ̀kan nínú gbogbo èyí. Àlejò ni òun pẹ̀lú. Yàrá tí ó ń gbé, owó ni ó ń san lé e lóṣooṣù. Àkókò tí ó ní, ẹni tí ó gbà á síṣẹ́ ni ó ni ín. Òfin tí ó fún un láyè láti gbé ibẹ̀, òfin náà ni ó sì ń ṣọ́ ọ tọ̀sán tòru. Ohun tí mo fẹ́ tẹnu mọ́ lónìí, tí gbogbo ìyókù ọ̀rọ̀ mi yóò sì rọ̀ mọ́, ni pé ilé ẹni tí ó wà lájò, ilé àlejò ni, àti pé òtítọ́ ni oúnjẹ àkọ́kọ́ tí irú agbàlejò bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ gbé fún ẹni tí ń bọ̀, kí ọjọ́ ìrìn-àjò tó pé rárá.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun láàárín wa. Kí ọkọ̀ òfurufú tó di ohun tí tọmọdé tàgbà ń wọ̀, àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ọmọ Ọ̀fà, ọmọ Ìnísà àti ọmọ Èjìgbò ti ń kó ẹrù aṣọ àti wóróbo lọ sí Gold Coast, ilẹ̀ tí a ń pè ní Gánà nísinsìnyí, wọ́n sì ti tẹ̀dó sí Kùmásí, sí Tamale àti sí àwọn ìlú kéékèèké tí ó yí wọn ká. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ rí ìsọ̀ jókòó sí lọ́jà ni àbúrò àti ọmọ ìyá rẹ̀ ń tọ̀ lọ. Ẹni tí ó wá kí ni lánàá lè di ẹni tí ń gbé àtẹ kiri lọ́la, títí òun náà yóò fi ní ìsọ̀ tirẹ̀, tí ilé rẹ̀ yóò sì di ibi ìsọ̀kalẹ̀ fún àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni àwọn ọmọ Èjìgbò ṣe sọ ìlú Abidjan ní Côte d'Ivoire di ilé kejì, tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń gbọ́ èdè Faransé ní ìgboro Èjìgbò títí di òní olónìí. Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS, ẹgbẹ́ ọrọ̀-ajé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, fọwọ́ sí ní Dakar ní ọdún 1979 tún wá la ọ̀nà náà sí i, nítorí pé ó fún ọmọ orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ náà láyè láti wọ ilẹ̀ àwọn ìyókù, kí ó sì lo 90 ọjọ́ níbẹ̀ láìgba físà.

Síbẹ̀, ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Gánà kí àdéhùn náà tó wáyé. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia tí ń ṣàkóso Gánà nígbà náà pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú wá a gbà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kí ó fi ilẹ̀ náà sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ó ti pẹ́ níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó ti gbàgbé pé àjèjì ni òun, tí ilé rẹ̀ sì ti jẹ́ àtìbàbà fún gbogbo ará ìlú rẹ̀ tí ó bá ti gba ọ̀nà ibẹ̀ kọjá, ni ó di ohun tí ó lè dì, tí ó padà dé ilé, tí òun fúnra rẹ̀ sì ń wá ẹni tí yóò fún òun ní yàrá. Kò sí ẹ̀kọ́ tí ó le tó bẹ́ẹ̀ lórí irú ilé tí à ń ní lájò: a lè gbé inú rẹ̀ kí ó pẹ́ títí, ṣùgbọ́n ọwọ́ onílẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà.

Ẹ̀kọ́ kejì tí ó wà nínú ìtàn wa dùn ún gbọ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta, wà lára àwọn tí ó dá ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí a mọ̀ sí WASU, sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1925. Nígbà náà, ọ̀pọ̀ onílé ni ó ń ti ilẹ̀kùn mọ́ akẹ́kọ̀ọ́ adúláwọ̀ lójú, òtútù a sì máa mú ọmọ ẹni ní ìgboro nígbà tí yàrá ṣófo nínú ilé. Ṣólàńkẹ́ padà wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, láti 1929 títí di 1932 ni ó sì fi ń lọ láti ìlú dé ìlú, tí ó ń ṣípẹ̀ fún àwọn ọba, àwọn ìjòyè àti àwọn oníṣòwò, títí wọ́n fi rí owó ṣí ilé ìgbàlejò ní Camden Town ní ọdún 1933. Ẹ kíyè sí i, ẹ̀yin ará mi, pé owó tí a dá ní ilé wà nínú owó tí a fi ṣí ilé tí ń gba àlejò lájò. Àwọn àgbà ìgbà náà mọ̀ pé ẹrù àlejò gbígba ní ilẹ̀ àjèjì wúwo ju ohun tí orí ẹnì kan ṣoṣo lè rù lọ, wọ́n sì gbà láti bá àwọn ọmọ wọn gbé e.

Nígbà náà, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ni ọkọ̀ ojú omi fi ń rìn láti Àpápá dé Liverpool, ó sì ṣọ̀wọ́n kí bàbá tàbí ìyá ẹni tó wọ̀ ọ́ nítorí kí ó lè lọ kí ọmọ. Ìwé ni wọ́n fi ń rí ara wọn. Lónìí, nǹkan bí wákàtí mẹ́fà àbọ̀ ni ọkọ̀ òfurufú fi ń fò láti Èkó dé Lọ́ńdọ̀nù, ẹni tí ó jẹ àmàlà lọ́sàn-án lè sùn ní ilé ọmọ rẹ̀ ní òru ọjọ́ náà. Ọ̀nà ti kúrú, ṣùgbọ́n ẹrù àlejò kò fúyẹ́ nítorí rẹ̀. Ó sì dà bí ẹni pé kíkúrú ọ̀nà ti mú wa gbàgbé pé ìlú mìíràn ni à ń lọ.

Nínú gbogbo ìdí tí ó ń gbé àgbà ilé lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, Manchester tàbí Birmingham, ọmọ tuntun ni ó ṣáájú. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, òwe náà kò sì yọ ọjà òyìnbó sílẹ̀. Ìsinmi tí òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì là sílẹ̀ fún bàbá ọmọ kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ; bí ó bá ti padà síbi iṣẹ́, ìyá ọmọ nìkan ni ó kù láàárín ògiri mẹ́rin, ara rẹ̀ kò tíì padà bọ̀ sípò, ọmọ ń ké, kò sí ìyá ọkọ ní yàrá kejì, kò sí aládùúgbò tí yóò sọ pé gbé e fún mi kí o lọ wẹ̀. Ẹ wá wo ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ bí ìyá àgbà bá wọlé. Omi gbígbóná dé, òrí dé, a na apá ọmọ, a na ẹsẹ̀ rẹ̀, a fi ọwọ́ tọ́ orí rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bí ní ilé ìwòsàn ní Lewisham tàbí ní Woolwich wá di Àjọkẹ́, ó di Àkànbí, ó ń gbọ́ orílẹ̀ rẹ̀ láti ẹnu ẹni tí ó mọ̀ ọ́n sí orí, ó ń gbọ́ pé ọmọ erin ni òun tàbí ọmọ ọ̀kín, kí etí rẹ̀ tó mọ ohùn ẹlòmíràn. Ìyá ọmọ ń mu ọbẹ̀ tí ata rẹ̀ gbóná, ó ń rí oorun sùn. Kò sí owó tí a lè fi ra iṣẹ́ yìí ní ìlú èyíkéyìí, ẹni tí ó bá sì sọ pé àlejò láti ilé kò mú ohun kan wá ju ẹrù lọ, kò tíì rí abiyamọ tí ó dá wà lájò.

Ṣùgbọ́n níhìn-ín gan-an ni ìṣòro ti ń yọjú. Àwọn àgbà sọ pé ojú àlejò ni a ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ ni a ti ń san án. Ọmọ tí ó wà lájò ti fi ọ̀pọ̀ ọdún fi àwòrán ránṣẹ́ sílé, ó wọ aṣọ tí ó dára, ó dúró lẹ́bàá ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé iṣẹ́ alẹ́ ni òun ń ṣe ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, pé ìdajì owó oṣù òun ni owó ilé ń gbé lọ, tàbí pé orí àga ìjókòó ní pálọ̀ ni òun yóò máa sùn bí òun bá fi ibùsùn òun fún ìyá òun. Nígbà tí ìyá bá dé, ọmọ kò fẹ́ kí ojú ti òun: yóò tọrọ àyè níbi iṣẹ́, yóò yá owó, yóò ra ohun tí agbára rẹ̀ kò ká. Ọ̀sẹ̀ kìíní yóò dùn. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó di dandan kí ó padà sí iṣẹ́, ìyá tí ó sì ti ń retí pé òun yóò máa rí ọmọ òun lójoojúmọ́ yóò wá jókòó sí ojú fèrèsé láti òwúrọ̀, láìrí ẹni tí yóò kí i pé ẹ káàárọ̀. Bí ó bá tún jẹ́ oṣù Kejìlá ni ó lọ, ilẹ̀ yóò ti máa ṣú bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ bá lù, òtútù yóò sì ti lé e padà sí abẹ́ ìbora. Ìyá yóò máa sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé wọ́n pa òun tì. Ọmọ yóò máa sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé ìyá òun kò mọ ohun tí ojú òun ń rí. Àwọn méjèèjì kò purọ́. Ohun tí a fi pamọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ó dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n ka díẹ̀ nínú àwọn ohun tí ẹni tí ń gbé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbọ́dọ̀ sọ fún ará ilé rẹ̀ ní kíkún. Àkọ́kọ́ ni ti físà. Físà àbẹ̀wò kì í sábà fún ènìyàn ní ju oṣù mẹ́fà lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹni tí ó bá sì gbà á kò gbọdọ̀ ṣe iṣẹ́ owó kankan. Ìyá àgbà lè bá ọmọ rẹ̀ pọn ọmọ, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé kí ó lè rọ́pò alágbàtọ́ tí à bá sanwó fún ni a ṣe mú un wá, ọ̀rọ̀ ti yí padà lójú òfin. Ìwé ìpè tí ọmọ kọ nìkan kò sì tó. Àwọn tí ń yẹ ìwé wò fẹ́ rí ohun tí yóò fa àlejò náà padà sílé, ìbáà ṣe ilé, iṣẹ́, ọjà tàbí owó ìfẹ̀yìntì. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín láti fi irọ́ bọ inú ìwé yìí, nítorí pé irọ́ kan lè ti ilẹ̀kùn náà fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Èkejì ni ti ìlera. Ní England, wọn kì í gba owó lọ́wọ́ àlejò fún ìtọ́jú tí a ṣe fún un nínú ẹ̀ka pàjáwìrì, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti gbà á sí wọ́ọ̀dù, owó ti bẹ̀rẹ̀, ìdajì iye tí ìtọ́jú náà jẹ́ ni wọ́n sì ń fi lé e lórí. Gbèsè ilé ìwòsàn tí ó bá tó 500 pọ́n-ùn tí a kò san lè mú kí wọ́n kọ̀ láti fún ẹni náà ní físà lọ́jọ́ mìíràn. Nítorí náà, kí àgbà tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ kó oògùn tí yóò tó o títí di ọjọ́ àbọ̀ dání, pẹ̀lú ìwé dókítà. Kí wọn sì ra ìdójútòfò ìrìn-àjò kí wọn tó ra aṣọ òtútù.

Ẹ̀kẹta ni àwọn nǹkan ojoojúmọ́ tí ó dà bí ohun kékeré. Ẹran àti ohun tí a fi wàrà ṣe kò gbọdọ̀ bá àlejò wọ ibẹ̀ láti ilẹ̀ wa. Kìlíṣí, pọ̀nmọ́ àti wàrà yóò di ti àwọn aṣọ́bodè ní pápákọ̀ òfurufú. Ìyà kò sì ní jẹ ẹnikẹ́ni nítorí ìyẹn, nítorí pé ẹni tí ó bá dé Rye Lane ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, yóò rí iṣu, yóò rí èlùbọ́ àti ẹ̀gúsí, yóò sì rí ẹni tí yóò fi Yorùbá ná an lọ́jà. Láti ọdún 2014 ni bọ́ọ̀sì Lọ́ńdọ̀nù kò ti gba owó lọ́wọ́ èrò mọ́, káàdì ni a fi ń wọ̀ ọ́. Kí ọmọ ra káàdì náà sílẹ̀, kí ó sì fi ọ̀nà ọjà, ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí han àlejò rẹ̀, kí ó má baà di ẹlẹ́wọ̀n inú ilé. Kí ó sọ fún un pé aago kan wà ní òkè àjà tí ń ké bí èéfín ata dídín bá kàn án, kí ó má baà dá jìnnìjìnnì sí i lára. Kí ó kọ nọ́ńbà 999 tí a fi ń pe ìrànlọ́wọ́ pàjáwìrì sára ògiri, pẹ̀lú àdírẹ́sì ilé. Kí ó sì ka ìwé àdéhùn ilé tí ó ń gbé, bóyá ti káńsù ni tàbí ti aládàáni, kí ó mọ iye ènìyàn àti iye ọjọ́ tí wọ́n gbà á láyè.

Èyí tí ó kẹ́yìn nínú ìwọ̀nyí nílò ìṣọ́ra púpọ̀, ìyẹn ni bíbá ọmọ wí. Ní Scotland láti ọdún 2020, àti ní Wales láti ọdún 2022, òfin kò gba òbí tàbí alágbàtọ́ kankan láyè láti na ọmọ rárá. Ní England pàápàá, bí àpá bá hàn lára ọmọ, ọ̀rọ̀ lè dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá. Bàbá àgbà tí ó tọ́ ọmọ mẹ́fà yanjú lè rí èyí gẹ́gẹ́ bí àrífín, mo sì mọ bí ó ti ń dun àgbà pé kí a máa kọ́ òun ní ọmọ títọ́. Ṣùgbọ́n àlejò kì í pìtàn ìlú fún onílé. Kí bàbá fi àlọ́ àti ìtàn tọ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀, kí ó fi sùúrù kọ́ ọ ní ìkúnlẹ̀ àti ìdọ̀bálẹ̀, èyí tí ó kù, kí ó fi sílẹ̀ fún àwọn òbí ọmọ.

Ẹ̀yin ọmọ wa lájò, kì í ṣe owó ni ẹ kọ́kọ́ jẹ àwọn òbí yín. Ẹ pè wọ́n kí wọn tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sọ iye wákàtí tí ẹ ń ṣiṣẹ́, irú iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe, ibi tí wọn yóò sùn, àti ìgbà tí oòrùn ń yọ ní ìlú yín. Ẹ rọ̀ wọ́n kí wọn wá láàárín oṣù Karùn-ún sí oṣù Kẹsàn-án bí ọmọ tuntun kò bá fi dandan mú wọn. Ẹ bá àwọn aya àti ọkọ yín sọ ọ́ pẹ̀lú, nítorí pé ìyá ẹnì kan ni àna ẹnì kejì, ilé kékeré a sì máa sọ ọ̀rọ̀ kékeré di ńlá. Ẹ̀yin ará ilé, ẹ̀yin náà, ẹ má ṣe di ìbéèrè gbogbo àdúgbò sínú àpò yín. Ẹni tí ó ń rán yín pé kí ẹ bá òun ra bàtà, tí kò fún yín lówó, ọmọ yín ni ó ń rán láti lọ jẹ gbèsè. Bí ẹ bá dé ọ̀hún, ẹ bi ọmọ yín ní ohun tí ẹ lè gbà ṣe, kí ẹ sì bi í ní ohun tí kò fẹ́ kí ẹ ṣe. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Bí oṣù bá sì pé, ẹ padà, nítorí pé àjò kì í dùn kí onílé má re ilé.

Ìdí ńlá kan wà tí mo fi ń tẹnu mọ́ òtítọ́ yìí tó bẹ́ẹ̀. Àlejò tí ó padà láti ilé ọmọ rẹ̀ ti di ẹlẹ́rìí. Òun ni ẹbí yóò yí ká, òun ni wọn yóò bi léèrè pé báwo ni ibẹ̀ ti rí, bí ó bá sì jẹ́ pé ọ̀nà tí a tún ṣe fún àlejò nìkan ni wọ́n fi hàn án, ìròyìn rẹ̀ yóò fi ẹrù kún ẹrù ẹni tí ó gbà á: owó ilé-ẹ̀kọ́ yóò pọ̀ sí i, owó òkú yóò pọ̀ sí i, àwọn àbúrò yóò sì máa bínú pé ẹ̀gbọ́n wọn ní ṣùgbọ́n kò fẹ́ fi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá tí ó rí ọmọ rẹ̀ tí ó wọlé ní aago méje òwúrọ̀ láti ibi iṣẹ́ òru, tí ó bá a gbé omi gbígbóná sílẹ̀, tí ó sì mọ iye tí ó kù lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn owó ilé, yóò di agbẹnusọ fún un láàárín ẹbí. Yóò sọ pé ọmọ mi ń gbìyànjú, ẹ rọra. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo láti ẹnu irú ìyá bẹ́ẹ̀ níye lórí ju gbogbo ẹ̀bùn tí ó lè kó bọ̀ lọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ti ń ka oṣù, tí ẹ ti ń dá owó tíkẹ́ẹ̀tì jọ, mo bẹ̀ yín, kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, ẹ pe ara yín. Kí òbí bi ọmọ pé, kí ni agbára rẹ ká? Kí ọmọ bi òbí pé, kí ni ẹ ń retí? Ẹ jẹ́ kí ìdáhùn méjèèjì ṣe kedere kí a tó san owó físà, bí wọn kò bá sì bára mu, ẹ sún ìrìn-àjò náà síwájú títí wọn yóò fi bára mu. Elédùmarè yóò mú àlọ yín ní àlàáfíà, yóò mú àbọ̀ yín ní àlàáfíà.